Màmá Àgbà Níbi Ìje Alùpùpù

Gbogbo ẹni tó wá bá wa kẹ́dùn ní Springdale, ní Canada níbí, ló ń sọ ohun kan náà. Wọ́n á jókòó sínú pálọ̀ Mọ́mì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ìyá jẹ́jẹ́ ni Màmá. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀." Mọ́mì á wò mí, èmi náà á wo Mọ́mì.

Irọ́ ni. Ìyá àgbà mi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Wọ́n bá àna jà, wọ́n bá pásítọ̀ jà, wọ́n bá dókítà jà, wọ́n sì bá òtútù Canada jà. Nínú yìnyín, wọ́n á jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà láìwọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ní kí òtútù má baà rò pé òun ló ni ilé. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n sin ìyá yìí pọ̀ mọ́ irọ́ jẹ́jẹ́, á jẹ́ pé ikú ti gbà ju ìpín tirẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

N kò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni n óò kọ, àti ohun tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo bá wá láti Port Credit níbi tí mò ń gbé, tí mo jókòó sílẹ̀ tí mò ń fi òróró pa wọ́n lẹ́sẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìje alùpùpù tí wọ́n ń pè ní Grand Prix, òkè òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti sábà máa ń sá a. Ọ̀sán wọn ni àárọ̀ tiwa. Ní àsìkò tí gbogbo ilé ń lọ aṣọ, tí wọ́n ń wá bàtà, tí wọ́n ń pariwo pé ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, Màmá á ti wẹ̀, wọ́n á ti ró ìró, wọ́n á ti wé gèlè, Bíbélì á wà lórí itan wọn, wọ́n á sì jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n. Rìmóòtù á wà lábẹ́ itan yẹn kan náà, kí Mọ́mì má baà rí i gbà. Bí àwọn alùpùpù bá dé kọ́nà, tí àwọn tó ń gùn wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí orúnkún wọn fi ń ha ilẹ̀, Màmá náà á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga, tàwọn ti gèlè.

"Mú un dání! Mú un dání! Má tíì fún un níná! Ó yá, fún un!"

Mọ́mì á dúró lórí àtẹ̀gùn. "Màmá, a ti pẹ́."

"Ẹ máa lọ. Wọn ò ní pẹ́ parí."

Pásítọ̀ gbọ́. Ọkùnrin dáadáa ni, òun fúnra rẹ̀ ló wá kí Màmá nílé. Ó jókòó, ó mu omi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, a dúpẹ́ pé a ń rí yín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orin ìyìn la tó máa ń rí yín."

Màmá bi í pé, "Pásítọ̀, ṣé ìwàásù yín máa ń parí lásìkò tí ẹ dá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í parí lásìkò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi á máa pẹ́ dé, ẹ̀yin náà á máa pẹ́ parí. Ọlọ́run ń mú àwa méjèèjì mọ́ra."

Bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Tóbi, àbúrò mi, ibí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, èèbó ló fi ń dáhùn. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí Màmá, Màmá á di adití. Tóbi lè sọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Màmá á máa wo ojú fèrèsé. Ọmọ yẹn rò pé wọn ò gbọ́ èèbó ni, títí di ọjọ́ tó gbọ́ tí wọ́n ń bá ọkùnrin kan tó wá tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ èèbó tó mọ́ gaara, tí wọ́n tiẹ̀ ń tún ti ọkùnrin náà ṣe. Tóbi pariwo pé Màmá ti ń tan òun jẹ. Màmá ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ní èèbó. Èyí tó kù nínú rẹ̀, n kò ní fi í ṣòfò lórí ọmọ mi."

Tísà ni wọ́n. Ní Ṣakí, "Tísà Oní-máṣínì" làwọn èèyàn ń pè wọ́n, nítorí máṣínì ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń pe alùpùpù. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwé kan ní abúlé lẹ́yìn Àgó-Àrẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ọ̀nà náà jìn, mọ́tò tó ń gba ibẹ̀ kò sì ní ọjọ́ tàbí àsìkò. Màmá lọ ra máṣínì kékeré kan, wọ́n kọ́ ọ fúnra wọn lórí pápá, wọ́n ṣubú, wọ́n dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ká ìró wọn sábẹ́ itan, wọ́n á fi gèlè de orí pinpin.

Àwọn àgbà ilé ọkọ wọn pé jọ. Wọ́n ní àwọn ò rí ìyàwó ilé tó ń la ẹsẹ̀ lórí irin rí. Bàbá àgbà mi, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹni jẹ́jẹ́ nínú ìtàn yìí, dorí kodò láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Màmá kúnlẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pe oríkì olúkúlùkù, wọ́n sì wà lórí ìkúnlẹ̀ náà tí wọ́n fi sọ pé, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ bá mi bẹ ilé ìwé kó súnmọ́ ilé. Lọ́jọ́ tó bá súnmọ́ ọn, n óò máa fẹsẹ̀ rìn lọ."

Kọ́láwọlé ni àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì. N kò bá a láyé. Nínú ilé tí mo dàgbà sí, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀, kò sí fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, àfi ọ̀kan tí Màmá gbé wá láti Ṣakí, tí wọ́n fi sínú Bíbélì. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, ó jókòó lórí alùpùpù, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kò tíì rẹ́rìn-ín. Màmá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, lórí pápá ilé ìwé, lásìkò ọlidé. Wọ́n sọ fún mi pé ó mọ̀ ọ́n gùn ju àwọn lọ kí ọlidé yẹn tó parí. Mo bi wọ́n léèrè bóyá inú bí wọn. Wọ́n ní, "Ta ni inú ń bí pé ọmọ òun gòkè ju òun lọ?"

Ọ̀nà Ìbàdàn ló wà, ó ń bọ̀ nílé, nígbà tí tírélà kan gbá a lórí afárá. Ọsibítù ibi tí Mọ́mì ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé e lọ. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Òbí kì í rí òkú ọmọ. Wọ́n ti Màmá mọ́ yàrá, àwọn obìnrin ilé mú wọn lọ́wọ́ mú wọn lẹ́sẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Kọ́lá lọ sin ín, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún Màmá. Wọ́n ṣe é nítorí ìfẹ́ ni. Màmá kò fi ojú ìfẹ́ wò ó. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e kọjá lójú fèrèsé, ọwọ́ mẹ́fà ló sì di àwọn mú.

Ìlú wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Wọ́n ní eré ló ń sá. Wọ́n ní ìyá tó ń gun máṣínì ló bí ọmọ tí máṣínì pa, kí ni wọ́n tún ń wá? Àwọn mìíràn á wá jókòó ti Màmá, wọ́n á máa sunkún, wọ́n á sì máa rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gba ẹ̀yìn wọlé. Màmá ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo àdúgbò ti rò pé wọ́n á ti ta máṣínì náà. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n nù ún, wọ́n gùn ún kọjá níwájú gbogbo ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wọn. Wọn ò yára. Wọ́n rọra kọjá kí ojú lè rí wọn.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín?"

Wọ́n ní, "Ó bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi máṣínì sílẹ̀, ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ mi jẹ̀bi."

Nǹkan tí Mọ́mì ṣe yàtọ̀, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Màmá ò rí nǹkan kan, Mọ́mì ló rí gbogbo rẹ̀. Bí a bá ń lọ lórí títì márosẹ̀, tí alùpùpù kan bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọwọ́ Mọ́mì á le lórí ìdarí ọkọ̀, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi délé. Lọ́dọọdún, nígbà ooru, bí ọjọ́ tí Kọ́lá kú bá pé, wọn kì í lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á fa kọ́tìnì, wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á dùbúlẹ̀. Kò sí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, kò sí orin. Àwa ọmọ á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí Màmá wá bá wa gbé lẹ́yìn ikú Bàbá àgbà, àwọn náà bá ọjọ́ yẹn nínú ilé, wọ́n sì bá a lọ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ilé ọmọ ni.

Tóbi ló tú u ká láìmọ̀. Ó rí i lórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n máa sá ìje alùpùpù ńlá kan ní pápá ìje tó wà lẹ́yìn Oshawa, ó sì sọ fún Màmá. Kì í ṣe àwọn ti òkè òkun, ti ilẹ̀ Canada níbí ni, ṣùgbọ́n alùpùpù gidi ni, èèyàn sì lè jókòó kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Màmá béèrè ọjọ́. Tóbi sọ ọ́. Ọjọ́ tí a máa ń fa kọ́tìnì gan-an ni.

Ojú oúnjẹ ni Màmá ti sọ ọ́, níwájú gbogbo wa. "N óò lọ wòran. Àṣàkẹ́ ló máa gbé mi lọ." Èmi ni Àṣàkẹ́. Wọn ò kọ́kọ́ bi mí.

Mọ́mì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọjọ́ wo lẹ pè é?"

"O gbọ́ mi."

"Màmá, dókítà ní ọkàn yín ti rẹ̀. Ó ní ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ síbi ariwo. Ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Mo sì sọ fún un pé ọkàn tèmi ni, mo mọ ohun tí ó ń rẹ̀ ẹ́."

"Ariwo yẹn lè pa yín!"

Màmá nu ọwọ́ wọn. Wọn ò gbóhùn sókè. "Ariwo kò pa mí rí, Fúnmiláyọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí ló ń pa mí."

Omijé dé ojú Mọ́mì. "Bí ẹ bá jáde kúrò nínú ilé yìí lọ́jọ́ yẹn, Màmá, ẹ ò rò tèmi mọ́ ọn nìyẹn."

"Mo rò ó. Tìẹ gan-an ni mo rò. Wá ká jọ lọ."

Mọ́mì dìde, wọ́n gòkè lọ. A gbọ́ ìlẹ̀kùn yàrá wọn. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìje, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló ń kọjá láàárín ìyá àti ọmọ. Mo gbìyànjú láti bá Màmá sọ ọ́ pé ká mú ọjọ́ mìíràn, pé ìje á tún wà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Gbogbo ọdún ni mo fi ọjọ́ yẹn sunkún, Àṣàkẹ́. Ẹkún ò jí i. Jẹ́ kí n fi wòran."

Mo ti rò pé wọ́n á wọ aṣọ dúdú. Wọ́n wọ bùbá pupa, wọ́n wé gèlè pupa, wọ́n wọ bàtà kánfáàsì Tóbi tó bá wọn lẹ́sẹ̀ mu. Mọ́mì ò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mò ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn, mo rí i tí kọ́tìnì yàrá òkè mì díẹ̀.

A gba títì 401, a kọjá Oshawa, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, oko àgbàdo bẹ̀rẹ̀. Màmá wo àgbàdo náà, wọ́n ní kò tíì gbó. Bí a ṣe ń súnmọ́ pápá ìje ni alùpùpù ń pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa, tọkọtaya arúgbó lórí òmíràn, wọ́n wọ awọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá sọ fèrèsé kalẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí wọn, àwọn yẹn náà ń juwọ́.

Orí òkè koríko kan la jókòó sí, lókè kọ́nà tó le jù lọ. Mo ṣí àga tí mo gbé wá fún Màmá, mo fa agboòrùn sókè. Mo fún wọn ní fóòmù tí wọ́n fi ń dí etí. Wọ́n dá a padà fún mi. "Gbígbọ́ ni mo wá gbọ́ ọ."

Tẹlifíṣọ̀n ti ń parọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí wọ́n tú àwọn alùpùpù yẹn sílẹ̀, ariwo wọn kò gba etí wọlé, àyà ló gbà wọlé. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Wọ́n yọ láti ẹ̀yìn igi, wọ́n dorí kọ kọ́nà wa bí ẹni pé wọn ò ní yí, wọ́n sì yí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, òórùn epo àti taya gbígbóná fẹ́ gòkè wá bá wa. Mo wo Màmá nítorí ọkàn wọn. Ẹnu wọn là sílẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò sì gbọ́ ẹ̀rín náà.

Obìnrin òyìnbó kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wa, ọjọ́ orí rẹ̀ á tó ti Mọ́mì. Òun nìkan ni kì í pàtẹ́wọ́. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì kan bo ẹnu, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Màmá bi í, ní èèbó, pé ta ni ó wá wò. Ó ní ọmọ òun ni, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ìje, èyí tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ó ní ọmọ náà kì í fẹ́ kí òun wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń múra, pé ojú òun ń dẹ́rù bà á. Orúkọ rẹ̀ ni Denise. Màmá sọ fún un pé àwọn náà ní ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n gùn. Obìnrin náà béèrè bóyá ó ṣì ń gùn ún. Màmá ní rárá.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta wọ kọ́nà wa pọ̀. Taya ẹ̀yìn ti ọmọ Denise tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yọ̀. Alùpùpù náà sọ ọ́ sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, òun àti irin náà jọ ń yí lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́, eruku sì bò wọ́n. Gbogbo orí òkè náà mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àsíá pupa jáde. Àwọn ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Nígbà tí eruku lọ, ọmọ náà dùbúlẹ̀, kò mira.

Denise ti di ojú rẹ̀. Ohùn kan ń jáde lẹ́nu rẹ̀, n kò ní gbàgbé ohùn náà.

Màmá àgbà mi, tí wọn kì í dìde láìsí ọ̀pá, dìde láìsí ọ̀pá. Wọ́n gbá ọwọ́ obìnrin náà mú. Wọ́n fi èèbó tísà wọn sọ fún un pé, "Bí o ò bá lè wò ó, má wò ó. Èmi ń wò ó fún ọ. Mi ò ní gbé ojú kúrò lára rẹ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́." Wọn ò gbọ́ mi.

"Wọ́n ti ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀," ni wọ́n ń sọ fún un. "Wọ́n ti dé. Méjì. Mẹ́ta. Wọ́n kúnlẹ̀ tì í. Ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì ṣí akoto lórí rẹ̀."

"Ṣé ó ń mira?" ni Denise béèrè láàárín ọwọ́ rẹ̀.

Màmá ò parọ́ fún un. "Kò tíì mira. Mo ń wò ó."

Bí mo bá sọ pé ó pẹ́, n kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ẹyẹ kan ń ké nínú igi, nítorí gbogbo ibẹ̀ ti dákẹ́ débi pé a gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà Màmá sọ pé, "Ó ká ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ti ká a. Ó ń gbé ọwọ́. Ìyá, ọmọ rẹ ń gbé ọwọ́. Ó fẹ́ jókòó, wọn ò gbà fún un, ó ń bá wọn jà. Ṣí ojú rẹ. Ṣí i, wá wo ọmọ rẹ tó ń jà!"

Denise ṣí ojú. Ọmọ náà dìde láàárín àwọn méjì, ó fi apá kan mọ́ àyà, ó gbé èkejì sókè sí wa. Orí òkè bú sí àtẹ́wọ́. Denise bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀, ó dé ìdajì ọ̀nà, ó yí padà, ó tún sáré gòkè wá, ó dì mọ́ Màmá pẹ̀lú gèlè pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ó sì tún sáré lọ.

Màmá ṣì dúró. Mo fa àga sábẹ́ wọn, wọn ò jókòó. Wọ́n ń wo ibi tí ọmọ yẹn ti ṣubú, níbi tí òkúta ti ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò jẹ́ kí n wo tèmi. Lónìí, mo wò."

Mo gbá wọn mọ́ra. Mo ní ká máa lọ sílé, pé ó ti tó. Ojú wọn kún fún omi, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wò mí, ó dà bí ẹni pé mo bú wọn. "Lọ sí ibo? Ìje ò tíì parí."

A wò ó títí ó fi parí.

Mọ́mì wà ní ilé ìdáná nígbà tí a délé. Wọ́n jókòó sí tábìlì, aṣọ tí wọ́n fi sùn ṣì wà lọ́rùn wọn, inú ilé ṣókùnkùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà níta, nítorí kọ́tìnì.

"Ṣé ẹ gbádùn ara yín?"

"Mo gbádùn ara mi," ni Màmá dáhùn. "Ọmọ kan ṣubú. Mo wò ó títí ó fi dìde."

"Èyí tí èmi rí kò dìde, Màmá."

N kò gbọ́ kí Mọ́mì sọ gbólóhùn kan nípa ọjọ́ yẹn rí. Mo ti fẹ́ yọ́ jáde, ṣùgbọ́n Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó dojú kọ ọmọ wọn.

"Sọ ọ́ fún mi. Èmi ni wọn ò jẹ́ kí n rí i. Ìwọ rí i. Ìwọ nìkan lo ti ń rù ú láti ọjọ́ yìí, o rò pé o fi ń gbà mí. O ò gbà mí. Sọ ọ́."

Mọ́mì sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, àwọn sì mọ bàtà rẹ̀ kí àwọn tó rí ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ní àpá kankan. Ó mọ̀ wọ́n. Ó pè wọ́n lórúkọ. Ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní, "Fúnmi, sọ fún Màmá pé mi ò sáré." Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà tì wọ́n sẹ́yìn.

Màmá wá bi Mọ́mì pé, "Kí ló dé tí o ò jẹ́ mi ní iṣẹ́ yẹn?"

Mọ́mì ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní, "Màmá, bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ náà, ó ti parí nìyẹn. Ó ti kú nìyẹn. Bí mi ò bá tíì jẹ́ ẹ, ó ṣì ń dúró dè mí."

Màmá gbé ọwọ́ lé orí ọmọ wọn, orí tí irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé kò sáré. Èmi ni mo kọ́ ọ." Nígbà tí ẹkún náà sì rọlẹ̀, wọ́n ní kí n ṣí kọ́tìnì, kí n gbé ìrẹsì kaná, ààwẹ̀ ti parí nínú ilé yìí.

Ó parí lóòótọ́. Kì í ṣe pé Mọ́mì wá fẹ́ràn alùpùpù. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ìsinmi kan, wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, mo rò pé wọ́n á sọ pé a ti pẹ́, wọ́n ní, "Ta ló wà níwájú?" Màmá ò tiẹ̀ yí ojú padà. "Jókòó, kí o má dínà mọ́ mi."

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni ọkàn yẹn dúró, bí dókítà ṣe wí. Dókítà ò jàre, n kò gbà fún un. Ọjọ́ tí wọ́n lò lẹ́yìn ìje yẹn, wọ́n lò ó nínú ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ọkùnrin kejì, èyí tí Màmá bí lé Kọ́lá, wá láti Amẹ́ríkà fún ìsìnkú. Òun ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ka ìtàn ìgbésí ayé Màmá. Ó kà á dáadáa, ó ní ìyá jẹ́jẹ́ ni wọ́n, tísà ni wọ́n, ó sì ní wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sáyé lọ. Bó ṣe yẹ kó kà á nìyẹn, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mọ́mì dìde ní ìlà iwájú.

Ẹ̀gbọ́n wọn fi ọwọ́ ṣe àmì sí wọn pé kí wọ́n jókòó. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e jáde: "Fúnmi, a kì í ka òkú mọ́ alààyè."

Mọ́mì ò jókòó. Wọ́n kọjú sí gbogbo ìjọ.

"Ọmọ mẹ́rin ni màmá mi bí. Kọ́láwọlé ni àkọ́bí wọn. Alùpùpù ló ń gùn lọ́jọ́ tó kú. Kò sì sáré."